Iná Bátìrì Ọkọ̀ Kì Í Ṣe Ohun Eré

 

Ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lórí ohun tí gbogbo wa mọ̀. Bí ẹ bá dúró ní etí títì tí ó ti Àjàṣẹ́ wá, tí ó gba Sakété, tí ó sì kọjá ní Ikpinlè lọ sí Pobè àti Kétu, ẹ ó gbọ́ ohùn ọkọ̀ mìíràn kí ẹ tó rí i. Ìlù inú rẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Àyà yín á máa mì. Gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ náà á máa gbọ̀n. Báfù ńlá ni ó wà nínú búùtù rẹ̀. Ẹlòmíràn fi í síbẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ràn orin. Ẹlòmíràn ń fi í kéde ìnáwó tàbí oògùn tí ó ń tà.

A kò wá bá ẹnikẹ́ni jà nítorí orin. Ọ̀rọ̀ wáyà tí ó ń gbé iná bátìrì lọ sí ìdí báfù náà ni a fẹ́ sọ. Wáyà yìí lè sọ ọkọ̀ di eérú láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni nǹkan kékeré kan, tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, lè dènà rẹ̀. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ ní ọkọ̀, ọmọ yín lè máa wa takisí. Ẹ̀yin fúnra yín lè wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí ọjà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa.

ÌDÍ TÍ A FI Ń FA WÁYÀ TUNTUN

Rédíò ọkọ̀ nìkan kò lágbára tó láti mi báfù ńlá. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ẹ̀rọ kan sí àárín wọn. Áńpù ni wọ́n ń pè é. Áńpù máa ń gba ohùn kékeré láti inú rédíò, á sì sọ ọ́ di ohùn ńlá.

Ohùn ìlù tí ó rinlẹ̀ ni ó ń jẹ iná jù. Báfù gbọ́dọ̀ ti atẹ́gùn púpọ̀ síwá sẹ́yìn kí irú ohùn bẹ́ẹ̀ tó jáde. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń fún rédíò ní iná kò lè gbé ẹrù yìí. Nítorí náà, wọ́n máa ń fa wáyà tuntun láti orí bátìrì níwájú títí dé búùtù lẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, wáyà yìí máa ń gùn tó nǹkan bíi mítà 5. Ewu tí à ń sọ wà lára mítà 5 yìí.

"KÒ GBÉ MI"

Àwọn kan máa ń sọ pé: "Iná bátìrì kò ní agbára. Mo fọwọ́ kàn án, kò gbé mi."

Lóòótọ́ ni, kò gbé wọn. Iná inú ilé jẹ́ nǹkan bíi fóólìtì 220. Ti bátìrì ọkọ̀ kékeré jẹ́ fóólìtì 12. Fóólìtì ni agbára tí ń ti iná síwájú. Fóólìtì 12 kéré jù láti ti iná gba inú awọ ara tí ó gbẹ. Ṣùgbọ́n inú bàbà àti irin kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, iná bátìrì máa ń sáré bí ó ti fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi àgbá omi ṣe àpẹẹrẹ. Bí àgbá bá wà lórí àjà, omi inú páìpù rẹ̀ á máa ta jìnnà. Iná ilé nìyẹn. Bí àgbá bá wà nílẹ̀, omi rẹ̀ kò ní ta jìnnà. Ṣùgbọ́n bí ẹnu rẹ̀ bá ṣí gbayawu, gbogbo omi inú rẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Iná bátìrì nìyẹn. Iye iná tí ó ń ṣàn ni a ń fi ámpíà kà. Bátìrì ọkọ̀ lè tú ámpíà tí ó ju 300 lọ sílẹ̀ bí kò bá sí ohun tí ó dí i lọ́nà.

Bí sípánà bá kan orí méjèèjì bátìrì lẹ́ẹ̀kan náà, iná á tàn yòò, irin náà á sì gbóná lójú ẹsẹ̀. Bí òrùka ìka ọwọ́ bá kàn án, ó lè jó ẹran ara jinlẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan bátìrì.

OHUN TÍ Ó Ń MÚ WÁYÀ JÓ

Ẹ̀yin tí ẹ ti fa omi nínú kànga jíjìn, ẹ mọ bí okùn ṣe ń ṣe ọwọ́. Bí garawa bá wúwo, tí okùn sì yọ́ lọ́wọ́ yín, á gbóná, á sì bó yín lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe ń ṣe sí wáyà. Bí iná púpọ̀ bá ń gba inú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá, wáyà náà á gbóná. Rọ́bà ara rẹ̀ á rọ̀, á yọ́, á sì gbiná. Lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ni èyí ti máa ń ṣẹlẹ̀, níbi tí ojú kò tó.

Ọ̀nà kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bátìrì ní orí méjì. Ọ̀kan ní àmì +, èkejì ní àmì −. Nínú ọkọ̀ òde òní, orí tí ó ní àmì − ni wọ́n so mọ́ ara irin ọkọ̀. Nítorí náà, gbogbo irin ọkọ̀ dà bí wáyà − kan ṣoṣo tí ó tóbi. Bí rọ́bà wáyà + bá gé níbì kan, tí bàbà inú rẹ̀ sì kan irin ọkọ̀, ẹnu àgbá ti ṣí nìyẹn. Gbogbo agbára bátìrì á gba ibẹ̀ tú jáde. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó fún wáyà láti pọ́n bí ẹyin iná.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1930, ní Amẹ́ríkà, Paul Galvin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta rédíò ọkọ̀ tí wọ́n pè ní Motorola. Wọ́n máa ń sọ ìtàn kan nípa rẹ̀. Wọ́n ní ó fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ọ̀gá báńkì kan. Ó ní kí wọ́n fi rédíò kan sínú ọkọ̀ ọ̀gá náà kí ó lè rí i bí ó ṣe dára tó. Kò pẹ́ rárá tí iná fi sọ nínú ọkọ̀ náà. Galvin kò rí owó yá. Láti ìgbà tí rédíò ti wọ inú ọkọ̀ ni wáyà tí a kò fà dáadáa ti ń jó ọkọ̀.

FÍÚSÌ NI ADÈNÀ

Fíúsì ni nǹkan kékeré tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tí ó gbọ́ Faransé ń pè é ní fisíbù. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀. Bí iná tí ó ń kọjá bá pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, irin yẹn á yọ́, á sì já. Iná kò ní rí ọ̀nà kọjá mọ́. Fíúsì kú kí ọkọ̀ má bàa jó.

Ibo ni kí a fi í sí? Ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì, lórí wáyà +. Kí ó má ṣe jìnnà sí orí bátìrì ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Bí ó bá sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tún dára sí i.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Fíúsì kò lè gba wáyà tí ó wà láàrin òun àti bátìrì là. Èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni ó lè gbà là. Bí adènà bá dúró ní yàrá ẹ̀yìn, olè á ti kó gbogbo ẹrù iwájú ilé lọ.

Àwọn mìíràn máa ń sọ pé: "Fíúsì ti wà lára áńpù láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n áńpù náà ni fíúsì yẹn ń ṣọ́. Ó wà nínú búùtù, mítà 5 sí bátìrì. Bí wáyà bá gé ní abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, fíúsì inú búùtù kò ní mọ̀.

Bí fíúsì bá já, ẹ má ṣe fi ìṣó, owó irin tàbí bébà sìgá dípò rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tí ó já a. Lẹ́yìn náà, ẹ fi irú rẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà sí i. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

ÀǸFÀÀNÍ ÌWÉ KÍKÀ: Ẹ KA NỌ́ŃBÀ

Nísinsìnyí tí ẹ ti mọ ìwé kà, kò sí ẹni tí ó lè fi ohun tí kò dára tàn yín jẹ. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọjà kí ẹ tó san owó. Lẹ́tà mẹ́rin ni ẹ ó wá:

V ni fóólìtì.
A ni ámpíà.
W ni wáàtì, ìyẹn iye agbára tí ẹ̀rọ ń lò.
mm² ni ìwọ̀n sísanra bàbà tí ó wà nínú wáyà.

Ìṣirò kan wà tí ẹ lè ṣe lórí iyanrìn. Ẹ fi fóólìtì lọ́nà ámpíà, wáàtì ni ẹ ó rí. Ká ní wọ́n kọ 3000 W sára páálí áńpù kan. Ẹ yí áńpù náà padà kí ẹ wo fíúsì ara rẹ̀. Bí fíúsì náà bá jẹ́ 30 A, ẹ ṣe ìṣirò: 12 lọ́nà 30 jẹ́ 360. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, fóólìtì máa ń gòkè tó nǹkan bíi 14. 14 lọ́nà 30 jẹ́ 420. Áńpù yìí kò lè jẹ iná tó 3000 W láéláé. Páálí ni ó purọ́. Bí fíúsì bá jẹ́ méjì, ẹ ro wọ́n pọ̀: 25 A àti 25 A jẹ́ 50 A.

Ámpíà yìí ni ẹ ó fi yan wáyà. Fún wáyà bàbà tí ó gùn tó mítà 5:

Bí áńpù kò bá ju 30 A lọ, ẹ ra wáyà 10 mm².
Bí ó bá ju 30 A lọ, tí kò ju 60 A lọ, ẹ ra wáyà 16 mm².
Bí ó bá ju 60 A lọ, tí kò ju 100 A lọ, ẹ ra wáyà 25 mm².

Fíúsì ẹ̀gbẹ́ bátìrì kò gbọ́dọ̀ ju agbára wáyà lọ. Fún àwọn wáyà mẹ́ta tí a kà yìí, fíúsì 30 A, 60 A àti 100 A ni kí ẹ má ṣe kọjá.

Ẹ ṣọ́ra fún wáyà ẹ̀tàn. Òmíràn nípọn lójú, ṣùgbọ́n rọ́bà ni ó pọ̀ jù lára rẹ̀. Òmíràn pupa bíi bàbà lóde, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni inú rẹ̀. Alumíníọ̀mù kò gbé iná dáadáa tó bàbà. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ọ̀kan nínú okùn rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá funfun bí ìkòkò alumíníọ̀mù, kì í ṣe bàbà gidi. Bí òun nìkan ni ẹ rí, ẹ ra èyí tí ó nípọn jù ú lọ ní ìpele kan.

BÍ A ṢE Ń FA WÁYÀ NÁÀ

Oníwáyà ọkọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ ni kí ẹ gbé e fún. Ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í. Ẹ wò ó bóyá ó ń ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí.

1. Kí ó pa ẹ́ńjìnnì. Kí ó kọ́kọ́ tú orí bátìrì tí ó ní àmì −. Òun náà ni kí ó dè kẹ́yìn. Bí ó bá tú èyí tí ó ní àmì + ṣáájú, tí sípánà rẹ̀ sì kan irin ọkọ̀, iná á tàn.

2. Kí ó wá ihò tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lára ògiri irin tí ó wà láàrin ẹ́ńjìnnì àti àyè ìjókòó. Bí ó bá fẹ́ lu ihò tuntun, kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà lẹ́yìn ògiri náà. Páìpù bíréékì lè wà níbẹ̀.

3. Kí ó fi òrùka rọ́bà sí ẹnu ihò náà. Ẹnu ihò irin mú bí ọ̀bẹ. Ọkọ̀ ń gbọ̀n lójoojúmọ́, pàápàá lójú ọ̀nà abúlé wa. Bí kò bá sí rọ́bà, irin á máa rẹ́ wáyà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan bàbà. Ibí yìí ni ó léwu jù ní gbogbo ọ̀nà.

4. Kí ó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, lọ sẹ́yìn, kí ó sì de wáyà náà mọ́lẹ̀. Kí ó má ṣe gba ìdí ọ̀pá èéfín, tàbí ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ bíréékì, tàbí abẹ́ irin àga tí ó ń lọ síwá sẹ́yìn. Kí ó má ṣe dè é mọ́ páìpù tí ń gbé epo láti inú táńkì. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń gbé ohùn láti inú rédíò, kí ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀. Bí wọ́n bá jọ rìn, báfù lè máa hu bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́.

5. Nínú búùtù, kí ó so wáyà − ti áńpù mọ́ ara irin ọkọ̀. Kí wáyà yìí nípọn bíi wáyà +, kí ó sì kúrú. Kí ó fi bébà yanrìn ha ọ̀dà ibẹ̀ títí irin fi funfun, nítorí pé iná kì í gba inú ọ̀dà kọjá. Kí ó fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì dè é pinpin. Kí ó má ṣe lo bóòtù táńkì epo tàbí ti bẹ́líìtì ìjókòó.

6. Wáyà kékeré kan wà tí ó ti ara rédíò wá láti tan áńpù. Kí ó so ó dáadáa, kí áńpù lè kú nígbà tí a bá pa rédíò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, áńpù á máa jẹ bátìrì mọ́jú.

7. Kí ó fi fíúsì sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì nígbà tí gbogbo iṣẹ́ yòókù bá ti parí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí orin kọ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ pa á. Ẹ fọwọ́ kan rọ́bà wáyà náà àti ilé fíúsì. Bí wọ́n bá gbóná, wáyà kéré jù tàbí ibì kan kò dè dáadáa. Ẹ má gbé ọkọ̀ náà lọ títí wọn yóò fi tún un ṣe.

BÁFÙ ÀTI EPO KPAYO KÒ GBỌDỌ̀ JỌ GBÉ

Ọ̀rọ̀ yìí kan agbègbè wa gan-an. A wà nítòsí ààlà Nàìjíríà. Gbogbo wa ni a mọ epo kpayo. A mọ̀ pé àwọn kan ń fi jálákáánì gbé e sínú búùtù ọkọ̀.

Bẹntiróòlù fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó ń kọ́kọ́ jó. Ooru tí ó ń tú jáde lára rẹ̀ ni. Ooru yìí wúwo ju atẹ́gùn lọ, nítorí náà ilẹ̀ búùtù ni ó máa ń sùn sí. Ilẹ̀ búùtù kan náà ni wọ́n sábà máa ń de áńpù àti wáyà mọ́. Bí wáyà kan bá ta iná díẹ̀ níbẹ̀, kò sí fíúsì tí yóò lè dá iná bẹntiróòlù dúró.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ibi ìkópamọ́ epo kpayo kan gbiná ní Sèmè-Kraké, ní ẹnu ààlà. Ènìyàn tí ó ju 30 lọ ni ó kú. A kò sọ pé wáyà báfù ni ó fa iná náà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rántí ni bí bẹntiróòlù ṣe ń jó: kì í fún ènìyàn láyè láti sá. Ọkọ̀ tí ó ní báfù nínú búùtù kò gbọ́dọ̀ gbé epo. Bí ẹ bá jẹ́ èrò, tí ẹ gbọ́ òórùn epo nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Owó ọkọ̀ kò tó ẹ̀mí.

BÍ ẸFÍN BÁ YỌ

Ẹ dá ọkọ̀ dúró. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Kí gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì jìnnà. Ẹ má padà wá mú ẹrù. Bí iná bá ti wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣí i gbayawu, nítorí atẹ́gùn á mú un gbilẹ̀. Ẹ má da omi sí bẹntiróòlù tí ń jó, á kàn gbé iná náà káàkiri ni. Yanrìn tàbí ẹ̀rọ apaná ni kí ẹ lò, bí iná bá ṣì kéré. Nọ́ńbà àwọn panápaná ní ilẹ̀ Benin ni 118.

Ọ̀rọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé kò pọ̀: fíúsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, rọ́bà lẹ́nu ihò, wáyà tí ó tó iṣẹ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÌWÉ KÍKÀ

Kí ẹnì kan ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sókè. Kí àwọn yòókù dáhùn.

1. Kí ni ìdí tí iná bátìrì kò fi gbé ènìyàn, ṣùgbọ́n tí ó lè jó ọkọ̀?
2. Fíúsì 20 A méjì ni ó wà lára áńpù kan. Wáyà oní mm² mélòó ni ẹ ó rà?
3. Kí ni ìdí tí fíúsì ara áńpù kò fi tó?
4. Ẹ wá ọkọ̀ kan ní àdúgbò yín tí ó ní báfù ńlá. Ẹ bẹ olówó rẹ̀ kí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ṣé fíúsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì? Ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín.

Ó di ìgbà mìíràn. Kí ọ̀nà yín là.